Asimawu àti Síìdì tó Jí Kọ̀ǹpútà Mẹ́sàn-án

Tí èèyàn bá dé Atìkòrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ní ọ̀dọ̀ Ìyá Oníwáàsí lòun ń lọ, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ pàdé á júwe ṣọ́ọ̀bù fún un. Kì í ṣe pé obìnrin náà ń ṣe wáàsí o. Ta ni yóò gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́? Àwọn àlùfáà ló ń ṣe wáàsí, òun ló ń bọ́ọ̀nù rẹ̀ sínú síìdì. Asimawu lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Ìyá Aqeelah ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, nítorí Aqeelah ni àkọ́bí rẹ̀. Bí àlùfáà kan bá ṣe wáàsí lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kò ní í tíì pọ́n tí yóò fi wà nínú síìdì, tí àwòrán àlùfáà yóò wà lára páálí rẹ̀ tòun ti láwàní. Àgbẹ̀ ń rà á, àwọn tó ń la gẹdú ń rà á, àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀ ju kí wọ́n fi fóònù gbé ìpè lọ ń rà á.

Ẹnu Asimawu mú. Tí o bá gbé síìdì padà wá pé kò kọ, á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá orí rẹ̀ lo gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì tún bu omi fún ọ mu. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ìwé márùn-ún ló kà. Efire ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà lọ́hùn-ún, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Ọdún tí ọ̀sà gbé àwọ̀n bàbá rẹ̀ lọ ni ilé ìwé parí fún un. Wọ́n ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ nìyẹn ń sè, Asimawu ló ń gbé e kiri títí dé Òrù, nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Liberia nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Ernest.

Ernest ní kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ tó ń bọ́ọ̀nù síìdì, ó ń fi kọ orin fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Asimawu á ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ tán, kò ní í lọ. Á dúró tì í, á máa wo síìdì bó ṣe ń wọlé lófìfo tó sì ń jáde pẹ̀lú ohùn èèyàn nínú. Lọ́jọ́ kan Ernest ní kó jókòó. Yorùbá Ernest kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, òyìnbó Asimawu kò ju "yes" lọ, wọ́n sì gbọ́ra wọn yé. Ohun tí ọkùnrin náà tẹnu mọ́ jù ni pé kó máa rọra. Síìdì tí wọ́n bá fi ìkánjú bọ́ọ̀nù, inú ẹ̀rọ tuntun ló ti ń kọ. Tó bá dé inú ẹ̀rọ tó ti gbó, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ìdí nìyẹn tí Ernest kì í fi í dán síìdì wò nínú ẹ̀rọ tó dáa. Èyí tó burú jù nínú gbogbo àgọ́ ló máa ń wá kiri. Ó ní ẹ̀rọ tó dáa á pọ́n ọ lé, èyí tó burú ló máa sọ òótọ́ fún ọ.

Nígbà tí àgọ́ tú ká, tí Ernest ń padà sílé, ó gbé ẹ̀rọ náà fún Asimawu. Bó ṣe gba ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ̀rọ síìdì ọwọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, eruku kún inú òmíràn, aáyán bímọ sínú òmíràn, síbẹ̀ wáàsí Asimawu ń kọ nínú wọn. Àwọn tó ń bọ́ọ̀nù kíákíá nígbà náà, tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀, gbogbo wọn ti kógbá wọlé.

Àmọ́ fóònù wá gbòde. Fuad tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ ń fi orin àti wáàsí sínú mẹ́mọ́rì fóònù, èèyàn ń tò síwájú rẹ̀.

"Ìyá Aqeelah," Fuad á sọ, "ẹ kó àwọn síìdì yìí fún àgbẹ̀ o. Wọ́n ń so ó mọ́ oko àgbàdo báyìí, ó ń lé ẹyẹ."

"Tó bá ń lé nǹkan lóòótọ́," Asimawu á dáhùn, "ìwọ ni ì bá kọ́kọ́ lé lọ."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Asimawu mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé Fuad kò parọ́. Ọ̀sẹ̀ míì wà tí kò ní í bọ́ọ̀nù ju mẹ́wàá lọ.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni ọmọkùnrin kan wọlé, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Mukhtar lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní ẹ ṣì ń bọ́ọ̀nù síìdì."

"Ta ló ní 'ṣì'? Wáàsí ta lo fẹ́?"

"Kì í ṣe wáàsí, mà. Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi jí."

"Ṣé ó sùn ni, àbí ó kú?"

"Ó jọ pé ó kú, mà. Ẹ má bínú, ó ti rẹ̀ mí ni. Àná ni mo ti kúrò ní Efire."

Asimawu gbójú sókè. "Efire wo?"

"Efire ti Waterside. Tíṣà ni mí níbẹ̀."

"Fa àga yẹn. Jókòó. Kí ló ṣe Efire?"

Mukhtar jókòó, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ló wà ní ilé ìwé wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ti gbó kí wọ́n tó dé, Wíńdòòsì tó wà nínú wọn sì ti bàjẹ́ pátápátá. Tí èèyàn bá tàn wọ́n, ojú wọn á dúdú, wọ́n á kọ òyìnbó méjì, wọ́n á dákẹ́.

"Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Línúùsì," ni Mukhtar wí. "Òun náà lè ṣe iṣẹ́ tí Wíńdòòsì ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, èyí tí mo rí yìí sì kéré, kò wúwo fún kọ̀ǹpútà àgbà. Tó bá ti wà nínú síìdì bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á jí láti ara síìdì yẹn, kò ní í wo èyí tó bàjẹ́ nínú ẹ̀ rárá."

"Kí ló dé tí o ò fi í sínú fláàṣì? Ṣebí fláàṣì lẹ̀yin mọ̀."

"Inú fláàṣì náà ló wà, òun nìyí. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni kò mọ fláàṣì. Wọ́n ti pẹ́ jù. Tí wọ́n bá ń jí, síìdì nìkan ni wọ́n máa ń wò. Mo ti dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè. Ọ̀kan bi mí bóyá wọ́n ṣì ń ṣe síìdì láyé."

"Onítọ̀hún kò tíì délé ayé ni. Kí ló ń lé ẹ tó o fi ń sáré kiri báyìí?"

Mukhtar wolẹ̀. "Tọ́sìdeè ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó wọn. Ẹgbẹ́ yẹn ti kọ lẹ́tà. Wọ́n ní tí àwọn bá dé, tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò bá ṣiṣẹ́, ilé ìwé míì ní ìgboro làwọn máa kó wọn fún. Ìdánwò tó ń múni wọ yunifásítì, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, mà. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa, Àbíkẹ́, kò sí ẹni tó mọ ìṣirò tó o lágbègbè wa. Lọ́dún tó kọjá, ó dé iwájú kọ̀ǹpútà, kò fọwọ́ kàn án rí láyé ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló fi ń wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó kùnà. Ó fẹ́ padà lọ lọ́dún yìí. Tí wọ́n bá wá kó wọn lọ…"

Asimawu mọ Efire. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ rí, ó lọ. Tíṣà ìwé kẹfà wà níbẹ̀ rí, ó lọ. Ohun tó bá ti fi etí ọ̀sà sílẹ̀ wọ ìgboro, kì í rántí ilé mọ́.

"Gbé fláàṣì wá," ló wí.

Síìdì òfìfo mẹ́rin péré ló kù nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó ń tà á fún un n'Íjẹ̀bú-Òde ti ń ta ike fóònù báyìí. Asimawu fi àkísà tó rọ̀ nu ọ̀kan, láti àárín wá sí etí, ó ṣe bísímílà, ó gbé fáìlì Mukhtar sí ibi tó máa ń gbé wáàsí sí, ó sì rọra bọ́ọ̀nù ú bó ṣe ń bọ́ọ̀nù láti gbogbo ọdún yìí wá. Mukhtar kò tíì rí i kí wọ́n bọ́ọ̀nù síìdì rí. Ó kàn ń wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ.

Nígbà tó jáde, Mukhtar ní, "Ṣé kí á dán an wò, mà?"

"Nínú kí ni? Rédíò tí mo fi ń dán wáàsí wò kò mọ Línúùsì. Máa lọ, jàre. Ọdún mélòó ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?"

Bí ìgbéraga ṣe ń wọni lára nìyẹn, kì í kan ilẹ̀kùn.

Àárọ̀ Túsìdeè, fóònù dún.

"Mà, kò jí."

"Gbé e sí òmíràn."

"Mo ti gbé e sí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán."

Asimawu jókòó. Fuad ti gbọ́ láti ìsọ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣe wáàsí lé e lórí," ló wí, "bóyá á jí."

"Fuad, tí ẹnu rẹ bá yá jù báyìí, màá fi bọ́ọ̀nù síìdì." Ó yí padà sí fóònù. "Tíṣà, fi síìdì yẹn sínú láptọ́ọ̀pù rẹ. Kí lo rí nínú ẹ̀?"

Mukhtar pẹ́ díẹ̀. "Fáìlì kan ṣoṣo ni, mà. Èyí tí mo fún yín yẹn gan-an."

"Ọ̀kan ṣoṣo?"

"Ọ̀kan ṣoṣo."

Asimawu gbé fóònù sílẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló gbé tòun tewé síwájú ẹni tí kò lọ́wọ́. Wáàsí, kò sẹ́ni tó máa tú u. Bó ṣe wà náà ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́. Èyí, odidi ẹrù ilé kan ni wọ́n dì pọ̀ sínú fáìlì yẹn. Kọ̀ǹpútà tó ti kú, ibo ló ti máa rí ọwọ́ tú u? Ó yẹ kí wọ́n ti tú u sára síìdì fún un, kó bá ohun gbogbo níbi tó yẹ kí ó wà.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Níbi tó ti ń bọ́ọ̀nù, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìlà kìíní, ti ohùn ni. Ìkejì, ti fáìlì lásán. Ìkẹta, láti ọjọ́ tó ti gba ṣọ́ọ̀bù kò tẹ̀ ẹ́ rí, nítorí wáàsí kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ ó rántí pé ibẹ̀ ni Ernest máa ń lọ tó bá fẹ́ gbé odidi síìdì ẹ̀kọ́ kan bó ṣe wà lọ sára òmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà béèrè fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Asimawu fi ti Mukhtar, tó ṣì wà nínú rẹ̀ láti Mọ́ńdè, hàn án. Ó gbà á.

"Ah-ah," Asimawu wí jẹ́ẹ́. "Ibí lo wà látọjọ́ yìí?"

Iná ìjọba ló ń lò, nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń gbọn tábìlì, kò sì sí síìdì tó ń fẹ́ kí wọ́n gbọn òun. Iná náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Fuad yọjú. "Ìyá Aqeelah, ẹ sún un síwájú, kí ó sáré. Wọ́n fẹ́ mú iná lọ." Ojú ti ń ti Asimawu láti àárọ̀, ọkàn rẹ̀ ti wà ní Efire, ó gbọ́ ti Fuad. Ó sún àmì tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe sáré tó sí ibi tó yára jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó jáde. Ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fáìlì rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀ báyìí, kì í ṣe ọ̀kan mọ́. Iná lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣe bíi ti Mọ́ńdè. Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó lọ wá kọ̀ǹpútà tó burú jù ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò rìn jìnnà. Ó wà ní ìsọ̀ ìlagẹdú Alhaji Yínúsà, eruku pákó ti bò ó títí kò sẹ́ni tó lè sọ àwọ̀ tí wọ́n fi ṣe é mọ́.

"Ìyá Aqeelah," Alhaji wí, "ṣé pákó lo fẹ́ wáàsí fún lónìí?"

"Alhaji, mo wá yá kọ̀ǹpútà yín tó burú."

"Ta ló sọ fún ọ pé kọ̀ǹpútà mi burú?"

"Gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kó wọlé. Mukhtar ti sọ fún Asimawu lórí fóònù bọ́tìnì tó máa tẹ̀ lemọ́lemọ́ bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń jí, kó lè mọ̀ pé síìdì ni kó kọ́kọ́ wò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ síìdì hó, ìlà funfun méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n dúró. Ó tún hó. Ó kólòlò. Ó dákẹ́.

Asimawu mọ ìkólòlò yẹn. Kò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ìkánjú ni.

"Kí ló dé?" Alhaji bi í.

"Èmi ni," ló wí. "Mo sáré níbi tó yẹ kí n ti rìn."

Síìdì méjì ló kù. Iná kò dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Wẹ́sìdeè, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó ń wo gílóòbù. Mukhtar pè lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, Asimawu ní tó bá tún pè, òun máa pa fóònù. Àṣé ẹ̀rù ló ń ba òun náà. Wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, gílóòbù mọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Fuad kàn án, kò ṣí i. Ó nu síìdì láti àárín wá sí etí, ó ṣe bísímílà, ó tẹ ìlà kẹta, ó wá sún un padà sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí dé ibi tó lọ́ra jù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìfun èèrà, ṣebí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò pa á. Ó pẹ́. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ fò, iná dúró. Ọ̀kan jáde. Ó tún fi ìkejì sí i, pẹ̀lú ìrìn kan náà. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀dọ̀ Alhaji lọ.

Kọ̀ǹpútà Alhaji hó. Ìlà funfun kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n dúró díẹ̀, èémí Asimawu náà dúró. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, funfun lórí dúdú, bí àkùkọ ṣe ń sáré sí àgbàdo. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó wá mọ́ kedere, àwòrán òkè kan àti omi, àmì kéékèèké tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Alhaji Yínúsà dìde lórí àga. "Àkọsílẹ̀ gẹdú mi ńkọ́? O ti pa á rẹ́?"

"Ó wà níbi tó wà. Èyí kò fọwọ́ kan tiyín. Ara síìdì ló ti jí. Tí mo bá yọ ọ́, tí ẹ pa á, tí ẹ sì tún tàn án, tiyín á padà wá pẹ̀lú gbogbo ìbàjẹ́ rẹ̀."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Márùn-ún."

"Ọmọ mi ka mẹ́rìndínlógún. Ìgbà tí èyí ń yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́sí, ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ni pé kí n ra òmíràn."

Asimawu ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó yege, alhamdulillahi nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó kírun àsùbáà Tọ́sìdeè tán ló wọkọ̀. Ó gba Ìjẹ̀bú-Òde, ó wọ òmíràn dé Ìbíadé, ó gun ọ̀kadà wọ Efire, síìdì méjèèjì wà nínú àpò tó dì mọ́yà. Òórùn ẹja yíyan kí i káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Mukhtar ti tan jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé sílẹ̀, ó gbé e jìnnà sí yàrá bí Asimawu ṣe ní kó ṣe. Àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé. Àbíkẹ́ wà láàárín wọn, ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, kò bá wọn pariwo.

"Ìwọ ni Àbíkẹ́?" Asimawu bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọlé. Wá jókòó sí ìdí ìkíní. Má kàn án o, wò ó ná."

Mukhtar tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ síìdì hó. Wọ́n dúró. Ìlà funfun yọ, wọ́n sáré, ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Àwọn ọmọ tó wà lójú fèrèsé hó yèè.

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́," Asimawu wí. "Ó ku mẹ́jọ."

Ohun tó dáa nínú Línúùsì kékeré yìí ni pé tó bá ti gòkè sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò síìdì mọ́. Èèyàn lè yọ ọ́, kó gbé e sí òmíràn, èyí tó ti jí á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti pa á. Mukhtar mú síìdì kan, Asimawu mú ìkejì. Mukhtar gba ọwọ́ ọ̀tún, Asimawu gba ọwọ́ òsì. Ìkejì jí. Ìkẹta kólòlò díẹ̀, Asimawu bú u, ó jí. Ìkẹrin, ìkarùn-ún. Mukhtar bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìkan bí ẹni tí ayọ̀ ń gùn. Ìkẹfà, ìkeje.

Àsìkò yẹn ni ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè lẹ́nu géètì. Aago mọ́kànlá ni, ọ̀sán ni wọ́n sì ti ń retí rẹ̀.

Ìkẹjọ kò ṣí ẹnu. Mukhtar tẹ ibi tí àwo síìdì ti ń jáde, kò jáde. Ó gbá a, kò jáde. Òógùn bo ojú rẹ̀. "Ó ti há, mà. Atẹ́gùn ọ̀sà ti jẹ ẹ́."

"Má gbá a mọ́. Ṣé ìyàwó rẹ ni?" Asimawu tẹ̀ ba, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo wọn ló ní in. Àwọn tó ń bọ́ọ̀nù nìkan ló mọ ohun tó wà fún. Ó yọ pín-ìnnì tó fi há híjáàbù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di híjáàbù mú lábẹ́ àgbọ̀n, ó ti pín-ìnnì bọ inú ihò náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Àwo síìdì yọ jáde bí ahọ́n ọmọdé.

Ọkùnrin kan ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, ó wọ aṣọ funfun báláú, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn agbẹ́rù mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ó ní Adébọ̀wálé lòun, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló rán òun wá.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ kú iṣẹ́ o. A dé. Èwo la máa kọ́kọ́ gbé?"

"Ẹ dúró, sà," Mukhtar wí. "Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

Adébọ̀wálé wo yàrá. Ó ń fi gègé ọwọ́ rẹ̀ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Méje. Ohun tó wà nínú lẹ́tà ni mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," Asimawu wí láti ìsàlẹ̀ tó wà, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "ẹ jókòó ná. Ẹni tó bá dé kí oúnjẹ tó jinná, ìdí àdògán ló ń dúró sí."

"Ìyá wo nìyí?" Adébọ̀wálé bi Mukhtar.

"Ọmọ Efire ni wọ́n, sà. Àwọn ló ṣe síìdì náà."

Ìkẹjọ hó. Ojú rẹ̀ mọ́. Mukhtar gbé síìdì sí ìkẹsàn-án, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀, tó ti gbó jù wọn lọ. Ó tàn án. Àwọn agbẹ́rù pàápàá na ọrùn. Ìlà funfun kan yọ. Ó dúró. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Adébọ̀wálé fi ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Ẹ má kán an lójú," Asimawu wí. "Àgbàlagbà ni. Ó ń wá ìgò ojú ẹ̀."

Agbẹ́rù kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ìlà kejì fi yọ, ìkẹta, ni gbogbo wọn bá ń sáré bọ̀. Òkè àti omi mọ́ lójú ìkẹsàn-án.

Wọn kò lè pa ẹnu àwọn ọmọ mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ariwo yẹn dé etí ọ̀sà, àwọn tó ń yan ẹja sáré wá wò ó, ọwọ́ wọn dúdú fún èéfín. Mukhtar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tíṣà rẹ̀.

Adébọ̀wálé lọ láti ọ̀kan dé ìkejì, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Ó dé ìdí ìkíní. Àbíkẹ́ ti ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé, ìka kan ló fi ń tẹ̀, lẹ́tà kan, ó wò, ó tún tẹ òmíràn. Orúkọ rẹ̀ ló kọ síbẹ̀, àti orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì ti kọ ìṣirò mẹ́rin pẹ̀lú ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo kọ́ èyí?" Adébọ̀wálé bi í.

"Ní báyìí, sà."

Adébọ̀wálé gbé ìwé rẹ̀ lé tábìlì, ó kọ ọ́ pé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Ó fọwọ́ sí i, Mukhtar fọwọ́ sí i. Asimawu ní òun náà máa fọwọ́ sí i.

"Ìyá, kò sí àyè tiyín níbẹ̀," Adébọ̀wálé wí.

"Àyè wà lábẹ́ yẹn. Mo rí i."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà, A-S-I-M-A-W-U, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ìwé kejì, ní ilé ìwé tí kò jìnnà sí yàrá yẹn. Ó kó síìdì méjèèjì fún Mukhtar, nítorí òun ló máa wá gbin Línúùsì sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan níparí ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má baà máa fi síìdì jí wọn lójoojúmọ́. Ó ní kó máa nù wọ́n láti àárín wá sí etí, pé tó bá nù wọ́n bí ẹni nu àwo oúnjẹ, òun á gbọ́ láti Atìkòrì.

Nígbà tó jáde, ọkọ̀ ńlá náà ṣì dúró, ó ṣófo gbáú. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ wọn sí i lẹ́yìn, wọ́n ní ṣebí Ìjẹ̀bú-Òde náà ló ń gbà padà lọ. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn sọ̀kalẹ̀. Asimawu gba iwájú, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gòkè.

Adébọ̀wálé dé, ó bá a níbẹ̀. "Ìyá, ibẹ̀ ni mo jókòó sí wá."

"Ẹ ti jókòó síbẹ̀ wá. Èmi máa jókòó síbẹ̀ lọ. Ẹni tó jí kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án kì í jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹja." Ó ti ń fa bẹ́líìtì mọ́ra.

Dírẹ́bà yíjú síta kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Adébọ̀wálé wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó wo aṣọ funfun ara rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa l'Ékòó náà kò jí láti ìgbà ọdún iléyá," ló wí jẹ́ẹ́.

"Ẹ gbé e wá. Àmọ́ ẹ ò ní í kán mi lójú."

"Mi ò ní í kán yín lójú, mà."

"Ó dáa. Ẹ wọlé, àárín ṣófo."

Adébọ̀wálé ká ẹsẹ̀ kò, ó fún ara rẹ̀ wọ àárín, níbi tí jíà ti ń gún un lórúnkún láti Efire títí wọ́n fi dé Ìjẹ̀bú-Òde.